Gorée: ìbéèrè ìyá kan láti Kétu

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa kéde pé a ó rìnrìn-àjò lọ sí erékùṣù Gorée ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ìyá àgbà kan tí wọ́n ti Kétu wá bá wa ṣe ìpàdé ní Àjàṣẹ́ dìde, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì bi wá léèrè pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn tiwa tí wọ́n kó lọ nígbà ogun, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá?” Ilé pa lọ́lọ́. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, a ní kí ìyá ó fọkàn balẹ̀, pé bí a bá débẹ̀ a ó wádìí rẹ̀ bọ̀ wá fún wọn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. A ti gbọ́ orúkọ Gorée lórí rédíò, a ti rí i nínú ìwé àwọn ọmọ lekóólù, a sì ti gbà láìwádìí pé gbogbo ẹrú Áfíríkà ni ó gba ibẹ̀ lọ. Èsì tí a jẹ ìyá náà ní gbèsè ni a fẹ́ san nínú àròkọ yìí.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ìtàn, ó yẹ kí a sọ bí a ṣe débẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bí i tiwa ni ó ń rò pé irú ìrìn-àjò báyìí kò sí fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Mẹ́tàlélógún ni wá: olùkọ́, aránṣọ, oníṣòwò, àgbẹ̀ kan láti Sábẹ̀ẹ́, àti àwọn tí iṣẹ́ ọba ti fẹ̀yìn wọn tì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dá 7,000 fáráǹkì lóṣù fún ọdún méjì gbáko. Akápò wa, ẹni tí ojú rẹ̀ le ju òkúta lọ nígbà náà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni yá kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìsìnkú. Nígbà tí ọdún méjì pé, 168,000 fáráǹkì ni ó wà lórí orí kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ òfuurufú kò lè tinú èyí jáde. Bọ́ọ̀sì ni a wọ̀, nígbà tí ọ̀nà Ouagadougou àti Bamako ṣì ṣeé gbà láìfòyà. A di gaàrí, kúlíkúlí àti ẹja gbígbẹ, a mú ẹní dání, a sì jókòó títí ẹsẹ̀ gbogbo wa fi wú. Ní Dakar, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí àwọn bàbá wọn ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà ìjọba Faransé ni wọ́n gbà wá sílé: àwọn obìnrin sùn nínú yàrá, àwa ọkùnrin sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Ní èbúté, iye owó ọkọ̀ ojú omi pín sí mẹ́ta: ọ̀tọ̀ ni ti ará Sẹ̀nẹ̀gàl, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ Áfíríkà yòókù, ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹni tí ó ti òde Áfíríkà wá. A dúpẹ́ pé a wà láàárín.

Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ náà fi gbé wa sọdá. Gorée kò jìn sí Dakar ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta lọ, kò sì tóbi rárá: gígùn rẹ̀ kò pé kìlómítà kan, ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 mítà lọ. Àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí alùpùpù. Àwa tí a ti ìlú zémidjan wá, ńṣe ni ìdákẹ́jẹ́ náà kọ́kọ́ ń ṣe wá bí ìgbà tí etí bá di. Bí a ti ń súnmọ́ etí omi, a rí ilé alájà tí wọ́n kùn ní pupa rẹ́súrẹ́sú àti ní yẹ́lò bí awọ ìbẹ́pẹ, òdòdó tí ń wọ́ láti orí ògiri wálẹ̀, àwọn ọmọdé tí ń bẹ́ láti orí afárá sínú omi, àti odi olóbìrípo kan ní ìhà àríwá. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa pariwo pé, “Ẹ wò ó, Àjàṣẹ́ nìyí!” Kò jìnnà sí òótọ́. Àwọn fèrèsé onígi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọjà, gbogbo rẹ̀ jọ àwọn ilé tí àwọn tí wọ́n padà láti Bùràsílì kọ́ sí àárín ìlú wa. Ìyàtọ̀ wà nínú ọwọ́ tí ó kọ́ wọn, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré: àwọn tí òwò ẹrú gbé lọ tí wọ́n sì tún rí ọ̀nà bọ̀ wálé ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú ti Àjàṣẹ́, ti Gorée sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí òwò náà sọ di olówó.

Ber ni àwọn Wolof ń pe erékùṣù náà. Àwọn Pọtogí débẹ̀ ní 1444, wọ́n sì pè é ní Palma. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ará Họ́lándì gbà á, wọ́n kọ́ odi sí i, wọ́n sọ ọ́ ní Goede Reede, èyí tí ó túmọ̀ sí èbúté rere. Nínú orúkọ yìí ni a gbọ́ pé Gorée ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1664. Ní 1677, ọ̀gágun ojú omi Faransé tí ń jẹ́ d’Estrées gbà á. Láti ìgbà náà ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń jù ú sọ́tùn-ún sósì bí ọsàn láàárín àwọn ọmọdé, títí di 1817 tí ó bọ́ sọ́wọ́ Faransé pátápátá. Ìdí tí wọ́n fi ń jà sí i kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó bá gun òkè kékeré tí wọ́n ń pè ní Castel ní ìhà gúúsù yóò rí i pé omi tí ó wà láàárín erékùṣù àti ilẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí òkun ń ru lẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi lè sinmi níbẹ̀ láìbẹ̀rù ìjì, ọ̀tá orí ilẹ̀ kò sì lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Láti Gorée ni àwọn Faransé ti sọdá ní 1857 láti gbé àsíá wọn sí Dakar. Ọmọ wá dàgbà ju ìyá lọ.

Ohun kan ya gbogbo wa lẹ́nu nínú ìtàn àwọn olówó erékùṣù yìí: obìnrin pọ̀ nínú wọn. Signares ni wọ́n ń pè wọ́n, láti inú ọ̀rọ̀ Pọtogí tí ó túmọ̀ sí ìyáálé tàbí ìyá pàtàkì. Ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí òyìnbó bí; wọ́n fẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwò Faransé ní ìgbéyàwó tí ń tán nígbà tí ọkọ bá padà sí ìlú rẹ̀, ilé àti ọjà a sì kù sọ́wọ́ ìyàwó. Wọ́n ṣòwò, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní ẹrú. Ó dára kí a sọ èyí ketekete, nítorí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wa ti ń yọ̀ mọ́ wọn kí a tó dé orí gbólóhùn ìkẹyìn yìí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó ju ìdajì àwọn tí ń gbé Gorée lọ tí wọ́n jẹ́ ẹrú, kì í ṣe ẹrú tí ń dúró de ọkọ̀, bí kò ṣe ẹrú ilé: agbọ́ńjẹ, alágbàfọ̀, káfíńtà, bíríkìlà, atukọ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n kọ́ àwọn ilé tí a ń ya fọ́tò wọn. Ọdún 1848 ni Faransé tó sọ wọ́n di òmìnira.

A wá dé Ilé Àwọn Ẹrú. Gbogbo ẹni tí ó bá wá sí Gorée, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ. Nelson Mandela ti débẹ̀, Póòpù John Paul Kejì débẹ̀ ní 1992, ó sì tọrọ ìdáríjì. Bill Clinton, George Bush àti Barack Obama náà débẹ̀, Lula ti Bùràsílì sì tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2005. Àtẹ̀gùn méjì tí wọ́n tẹ̀ bí ìwo màlúù ni ó gòkè lọ sí yàrá àwọn olówó. Nísàlẹ̀ ni àwọn yàrá kótópó wà, àárín wọn sì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí ó lọ tààrà sí ihò ìlẹ̀kùn tí ó kọjú sí òkun. Òun ni wọ́n ń pè ní Ìlẹ̀kùn Àìpadàbọ̀. Afinimọ̀nà sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Bí ó ti parí, púpọ̀ nínú wa ti ń sunkún. Akápò wa tí ojú rẹ̀ le ju òkúta lọ dúró ní ẹnu ìlẹ̀kùn náà títí ó fi kù ú ku òun nìkan.

Lẹ́yìn ekún ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbéèrè ìyá Kétu kò kúrò lọ́kàn wa. Ọkùnrin tí ó sọ ilé náà di olókìkí ni Boubacar Joseph Ndiaye, ọmọ ogun Faransé àtijọ́ tí ó di olùtọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi papò dà ní 2009. Ó máa ń sọ fún àwọn àlejò pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni ó gba ìlẹ̀kùn yẹn kọjá. Àwọn òpìtàn tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ojú omi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òpìtàn ará Amẹ́ríkà, Philip Curtin, ẹni tí ó ṣe ìṣirò òwò ẹrú nínú ìwé rẹ̀ ti 1969, wà lára àwọn tí wọ́n sọ gbangba pé Gorée kò fi ìgbà kan jẹ́ èbúté ẹrú ńlá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ti ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò dé mílíọ̀nù kan, áḿbọ̀sìbọ́sí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ilé náà fúnra rẹ̀, nǹkan bí 1776 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí àwọn ará Họ́lándì ti kúrò níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilé ìdílé Pépin ni, Nicolas Pépin, ọmọ ìyá signare olókìkí nì, Anne Pépin, ni wọ́n sọ pé ó kọ́ ọ. Òkúta gbọọrọgbọọrọ ni ó sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí a dúró sí. Ọkọ̀ kò lè sún mọ́ ọn láti kó ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìwé ìròyìn Le Monde gbé e jáde. Inú bí àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl, ó sì bí àwa náà nígbà tí a kọ́kọ́ kà á. Ó ń dunni kí ẹnìkan dúró lórí ibojì kí ó máa ka egungun. Síbẹ̀, nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi oṣè tí a sì jíròrò rẹ̀, èrò wa yí padà díẹ̀. Bí ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl àti àjọ UNESCO, tí ó fi erékùṣù náà sí ara ogún aráyé ní 1978, bá fẹ́ kí ibì kan dúró fún gbogbo ibi tí a ti kó ènìyàn lọ, kò sí aburú nínú rẹ̀. Aburú rẹ̀ ni pé nígbà tí ibì kan bá dúró fún gbogbo ibi, àwọn ibi yòókù a di ìgbàgbé. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ọ̀nà tí ìdílé tirẹ̀ gbà lọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwòrán fi òun mọ síbẹ̀.

Nítorí náà èsì wa sí ìyá rèé: àwọn tiwa kò gba Gorée kọjá. Àwọn tí wọ́n ti ibẹ̀ lọ jẹ́ Wolof, Sérère, Mandingue, Bambara àti Púlò, àwọn ènìyàn tí ń gbé láàárín odò Sẹ̀nẹ̀gàl àti odò Gáḿbíà títí wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọ̀nà tiwa wà nílé. Glehue, èyí tí òyìnbó ń pè ní Ouidah, ni àwọn òpìtàn ṣírò pé ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó ti ibẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀. Àjàṣẹ́ tiwa yìí náà jẹ́ èbúté: ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà Aláàfin Abíọ́dún, òun ni Ọ̀yọ́ fẹ́ràn jù láti máa fi ẹrú ránṣẹ́ sí. Àgbádárìgì wà, Èkó sì wà, tí ó borí gbogbo wọn nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́ tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bahia àti Kúbà ni púpọ̀ nínú wọn balẹ̀ sí. Ní Bahia títí di òní, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ńlá inú ìsìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní candomblé ń jẹ́ Kétu. Orúkọ ìlú ìyá tí ó bi wá léèrè ni wọ́n fi ń kí ara wọn lókè òkun.

Apá kejì wà nínú èsì náà tí ó nira láti sọ lójú ìyá. Ogun tí wọ́n ní lọ́kàn, èyí tí ìyá wọn sọ fún wọn, ni ogun 1886, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Glèlè ọba Dàhòmì pa Kétu run. Ní ọdún yẹn, ọkọ̀ ẹrú kò gba ojú òkun wa kọjá mọ́. Ó ti dáwọ́ dúró láti nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Àwọn tí wọ́n kó ní Kétu kò lọ sí Bùràsílì. Abomey ni wọ́n lọ, sí oko ọba àti sí ilé àwọn ìjòyè, ìrìn ọjọ́ díẹ̀ péré sí ilé wọn. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, púpọ̀ nínú wọn padà wá tún ìlú náà dó. Àwọn tí òkun gbé lọ jẹ́ ti àwọn ogun tí ó ṣáájú, nígbà tí Àkàbà Ìdẹ́nà ṣì ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní alaalẹ́ sí àwọn ọ̀tá. A kì í fẹ́ sọ ọ́ nínú ìpàdé, ṣùgbọ́n a kò lè rí ìtàn kọ láìsọ ọ́: àwọn tí wọ́n tà wọ́n kì í ṣe òyìnbó nìkan. Ilé àwọn alárọ̀óbọ̀ òwò yẹn wà ní Àjàṣẹ́, a mọ àwọn àdúgbò náà, a sì ń bá àwọn ọmọ wọn jẹun níbi ìyàwó.

Ní ọjọ́ kejì, a tún sọdá sí Gorée, nítorí pé àwọn olùkọ́ inú wa ní àwọn kò tíì rí ohun tí àwọn bá wá. Níhìn-ín ni a ti wá rí i pé erékùṣù náà kàn wá ní tòótọ́, ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Blaise Diagne ni ọmọ Gorée tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n bí i síbẹ̀ ní 1872. Ó di òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè, ilẹ̀ Dàhòmì sì wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ ṣiṣẹ́. Ní 1914 ó di ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé. Gorée jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́rin, pẹ̀lú Saint-Louis, Rufisque àti Dakar, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Lára àwọn tí wọ́n ràn án lọ́wọ́ nínú ìdìbò ọdún yẹn ni Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Saint-Louis. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn méjèèjì dáadáa. Ọ̀kan, nítorí pé orí erékùṣù tí kò pé kìlómítà kan ni wọ́n bí i sí, ó lè jókòó ní Paris kí ó sì bá àwọn mínísítà jiyàn. Èkejì, nítorí pé Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, wọ́n kà á sí ẹni abẹ́ òfin indigénat, tí ọ̀gá òyìnbó lè tì mọ́lé láìsí ìdájọ́. Nígbà tí ó yá, ọ̀nà wọn yà. Ní 1923, nígbà tí àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san owó orí tí ìjọba fi kún, wọ́n mú Hunkanrin, wọ́n sì lé e lọ sí aṣálẹ̀ Moritéénì. Òpópónà kan ń jẹ́ orúkọ Diagne ní Dakar, pápákọ̀ òfuurufú tuntun náà sì ń jẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ wa ní Àjàṣẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí Hunkanrin jẹ́.

Ohun tí ó mú wa pẹ́ jù ni ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bí àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé dúdú fún gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Louis ní 1903. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó kọ Doguicimi, wà lára àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní 1913 wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí Gorée, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ìparí àwọn ọdún 1930 kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sébikotane. Félix Houphouët-Boigny kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Modibo Keïta kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Hamani Diori, àti Hubert Maga tiwa, ẹni tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ Victor Ballot ní Àjàṣẹ́ lọ, tí ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní 1960. Ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́rin láti inú ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ọmọdé kan bá yege ìdánwò ní Victor Ballot, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kútọnu, wọn a fi agbọ̀n gbé e láti orí afárá onírin sínú ọkọ̀, yóò sì gba ojú òkun lọ ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìyá rẹ̀ dúró ní etíkun tí ìyá ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù, ó ń wo ọmọ tí ó wọ ọkọ̀ òyìnbó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èyí yóò padà, pẹ̀lú bàtà àti ìwé ẹ̀rí.

Kí ni ó ń fi sílẹ̀ níbẹ̀? Gbogbo wa tí a ti dàgbà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní symbole, ègbo eegun tàbí pákó tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ọmọ lekóólù tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jáde ní Ponty ni wọ́n di olùkọ́ tí ń so ó. A sọ èyí láìsí ìkórìíra, nítorí pé bàbá àwọn kan nínú wa ni wọ́n, àwọn náà ni wọ́n sì fi owó oṣù wọn rán wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí ìwé ìròyìn yìí ṣe ń jáde ní èdè méjì, tí àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa sì ń bẹ̀rẹ̀ láti apá Faransé nítorí pé apá Yorùbá le fún wọn, láti orí àga ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀ ìtàn náà kò rìn tààrà. Àwọn olùkọ́ Ponty bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé ní àkókò ìsinmi kí wọ́n máa bi àwọn àgbà léèrè àṣà ìlú wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń pè ní Cahiers Ponty, ṣì wà ní ìpamọ́ ní Dakar. Láti inú rẹ̀ ni eré orí ìtàgé ti jáde, àwọn ọmọ Dàhòmì ni wọ́n sì ṣíwájú. Ní 1933 wọ́n ṣe eré kan lórí ìpàdé ìkẹyìn láàárín Béhanzin àti Bayol, aṣojú tí Faransé rán sí Abomey ní 1889. Ní 1937 wọ́n gbé eré mìíràn, Sokamé, lọ sí Paris. Nígbà tí a gbọ́ èyí, àgbẹ̀ wa láti Sábẹ̀ẹ́ béèrè ohun kan tí kò sí ìwé tí ó dáhùn rẹ̀: bí ọmọ Kétu tàbí ọmọ Sábẹ̀ẹ́ kan bá wà láàárín àwọn òṣèré wọ̀nyẹn, kí ni ó rò nígbà tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún Béhanzin, ọmọ ẹni tí ó jó ilé bàbá bàbá rẹ̀? A rò pé ó pàtẹ́wọ́. Níwájú òyìnbó, ọba Dàhòmì di ọba gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí ó sọ nínú yàrá ìsùn lóru, àti èdè tí ó fi sọ ọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Gorée báyìí, ti àwọn ọmọbìnrin, tí ń jẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé obìnrin nì, Mariama Bâ. A rí wọn pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí bí a ṣe ń sọ Faransé. Ọkọ̀ ìkẹyìn ti fẹ́ lọ, a sáré lọ sí èbúté. Owó tí ó kù lọ́wọ́ akápò tó fún búrẹ́dì àti ọ̀nà ilé, kò sì kù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé ìpadàbọ̀ wa, a jẹ́ ìyá Kétu ní èsì bí a ti kọ ọ́ sókè yìí, apá kìíní àti apá kejì, a kò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán láìsọ̀rọ̀. Wọ́n wá béèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà láti Àjàṣẹ́ lọ sí Glehue. Ẹnìkan sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ìyẹn kò tó owó gaàrí tí ẹ jẹ lọ́nà.” Akápò ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, orúkọ ìyá ni ó kọ sí ìlà àkọ́kọ́.